Irú Iṣẹ́ Abẹ Wo Ni Kí Àbúrò Wa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kéwú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kéwú ni a ti ń kọ́ ọmọ ní Ìwó láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àbúrò wa obìnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́, kí a ṣáà má dárúkọ òun.

Ní ọdún 2022, ó pè wá lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Ìwọ̀n rẹ̀ ti di kílò 126, bẹ́ẹ̀ ni kò ga. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a jà fún ọdún mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ insulin ni ó ń gbà lójoojúmọ́. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè forí kanlẹ̀ mọ́, orí àga ni ó ti ń kírun. Àwọn dókítà ní ó yẹ fún iṣẹ́ abẹ tí ń mú kí ara fọn, ṣùgbọ́n oríṣi rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, kí ó lọ rò ó wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rò ó," ni ó wí.

Àbúrò wa ọkùnrin ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó tẹ̀lé ohun tí Ànábì kọ́ wa nípa pípín inú sí ọ̀nà mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ kì bá tí dé orí abẹ. A pa á lẹ́nu mọ́. Obìnrin tí ń gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè láti ìgbà ọmọge, òun kọ́ ló yẹ ká máa wàásù oúnjẹ fún. Àáfà kan ládùúgbò wa náà ní yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni. A rán an létí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún òun alára. Ìwòsàn yàtọ̀ sí ẹ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn oríṣi náà. Àkọ́kọ́ ni rọ́bà kan bí òrùka tí wọ́n ń so mọ́ òkè àpòlúkù kí oúnjẹ díẹ̀ lè tètè yóni. Òun ni àwa kọ́kọ́ fẹ́, nítorí pé ó ṣeé tú. Àbúrò wa ní wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́, nítorí ó máa ń yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà wá yọ ọ́.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní sleeve, ìyẹn ọwọ́ ẹ̀wù. Bí télọ̀ ṣe ń gé ọwọ́ ẹ̀wù tó fẹ̀ kí ó lè di èyí tó fún, bẹ́ẹ̀ ni dókítà yóò gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò. Èyí tó kù yóò rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé yìí ni èròjà kan tí ń fa ebi ti ń wá jù, nítorí náà ebi pàápàá ń dín. Wọn kò ní fọwọ́ kan ìfun, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni báípáàsì. Ẹni tó bá ń wọkọ̀ mọ̀ ọ́n: ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ìlú tí kò wọ ọjà. Dókítà yóò pààlà sókè àpòlúkù, yóò fi àpò kékeré kan tí kò tó ẹyin adìyẹ sílẹ̀, yóò wá fa ìfun so mọ́ ọn. Oúnjẹ kò ní gba inú àpòlúkù ńlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́. Irú èyí ti pẹ́: Dókítà Edward Mason ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ní 1966. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an fún àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é yóò máa lo fítámì, irin àti kálísíọ̀mù títí ayé, kò sì gbọdọ̀ fi oògùn ara ríro bíi ibuprofen ṣeré, kí egbò má baà wà nínú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ semaglutide tí gbogbo ayé ń sọ fún sísanra kò tíì dé ọjà Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó débẹ̀.

Sleeve ni ọkàn àbúrò wa fà sí. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò díjú, ọ̀rẹ́ òun kan sì ti ṣe é. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ni Màámi, tí wọ́n jókòó tì wá, bá béèrè pé: "Èyí tí wọ́n bá gé ńkọ́, níbo ni wọn yóò sin ín sí?"

Àbúrò wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀yà ara Mùsùlùmí lọ́wọ̀. A ṣàlàyé fún Màámi pé a lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, àti pé ìyẹn nìkan kò sọ iṣẹ́ abẹ náà di èèwọ̀. Wọ́n ní báípáàsì tí kò gé ohunkóhun dànù ni àwọn fara mọ́. A mi orí, a rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni.

Màámi kò tíì parí. Nígbà tí ọmọ yìí wá ṣe Iléyá ní 2019, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ sùn. Màámi sún mọ́ fóònù: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìrọ̀rí mẹ́ta yẹn lo ṣì fi ń sùn?"

Fóònù dákẹ́. Ìgbà tó yá ni ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí òun bá sùn gbalaja, omi kíkan yóò ru sí òun lọ́fun, àyà yóò sì máa ta òun. Oògùn funfun kan ni òun ń mu sí i láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í nínú fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn, "rárá" ni ó kọ, torí pé kò kà á sí àìsàn.

A ní kí ó lọ sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ki okùn tó ní iná àti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì rí i pé omi kíkan náà ti bó o níbẹ̀. Dókítà wá ṣàlàyé fún un pé sleeve lè mú irú èyí burú sí i. Àwa náà wá ìdí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018 ni èsì ìwádìí méjì jáde, ọ̀kan láti Finland, èkejì láti Switzerland. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn tó ṣe sleeve àti àwọn tó ṣe báípáàsì. Ní ti ìwọ̀n ara, ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Switzerland, báípáàsì mú omi kíkan lọ fún bí 60 nínú 100 àwọn tó ti ní in tẹ́lẹ̀, sleeve sì mú un lọ fún 25. Ìwọ̀n kílò ni àwa ti ń wò láti ọjọ́ yìí, Màámi ń wo ìrọ̀rí.

Báípáàsì ni wọ́n ṣe fún un ní oṣù kìíní ọdún 2023. A kò sùn lóru ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún kan ó ti di kílò 87, wọ́n ti dá insulin dúró, ó sì ń forí kanlẹ̀. Ìrọ̀rí kan ló ń lò.

Kì í ṣe pé kò sí wàhálà. Inú káńsù fítámì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, awọ ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní láti wá òmíràn. Nínú Ramadan 2024, ó fi dàbínù mẹ́ta ṣínu bí ó ti ń ṣe láti kékeré, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì, òógùn bò ó, ó ní láti dùbúlẹ̀. Adùn tí ń sáré wọ ìfun ló fà á. Ìdajì dàbínù ló fi ń ṣínu báyìí.

Ramadan 2023, dókítà kò jẹ́ kó gbààwẹ̀ rárá. Ó sunkún fún wa lórí fóònù, ó ní ṣé kí òun kúkú máa bọ́ mìsìkíìnì. A ní rárá, ẹni tí ara rẹ̀ ń bọ̀ wá yá, gbèsè ló jẹ, yóò san án. Oṣù Disẹ́ńbà ló ń san án, nígbà tí oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni gbèsè náà. Ó ti san méjìdínlógún, ó ku mọ́kànlá.