Ìwé Tó Kú, Físà Tó Wà Láàyè

Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mu, ṣùgbọ́n kò bá ìwé ìrìnnà mu tán. Ìwé tuntun lè gba ipò èyí tó ti kú, síbẹ̀ kì í jogún gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Físà tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè lẹ̀ mọ́ ewé ìwé àtijọ́ kì í bá orúkọ àti àwòrán kọjá sínú tuntun. Ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni yóò wà títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Ajégúnlẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní 2014, díẹ̀ ló sì kù kí ẹ̀kọ́ náà wọ́n jù fún un.

Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè é ní ọjà Boundary. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ aláàárù ní èbúté Àpápá nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi iléeṣẹ́ Elder Dempster ṣì ń kó èrò láàrin Èkó àti Liverpool. Ọkọ̀ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ni bàbá náà máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń jẹ́ Apapa gan-an. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìn àjò náà ń gbà. Títí di 1962, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin láti dín iye àwọn ọmọ ilẹ̀ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé kù, ìwé ìrìnnà nìkan ti tó fún ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ wọ Liverpool. 1986 ni wọ́n tó kéde pé ó gbọ́dọ̀ gba físà kí ó tó gbéra nílé. Bàbá náà di ẹrù fún àwọn arìnrìn-àjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun fúnra rẹ̀ kò sì wọ ọkọ̀ náà rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kọ́kọ́ ní ìwé ìrìnnà nínú ìdílé náà.

Ní 2007 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ìrìnnà ìgbàlódé tí ẹ̀rọ ń kà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń lò ó. Ìyá Ẹlẹ́ja gba tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2008, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Houston lóyún àkọ́kọ́, ìyá náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn ará Amẹ́ríkà ní Victoria Island, ó san 160 dọ́là tí wọn kì í dá padà bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ̀ fún ènìyàn, ó sì dúró níwájú ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Wọ́n fún un ní físà ọlọ́dún méjì, tó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oṣù Kọkànlá 2012 nìyẹn. Ó lọ, ó wẹ ọmọ, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n fún un tó pé.

Kí físà náà tó lo ọdún kan, ìwé ìrìnnà tó gbé e pọ̀n kú. Ìyá Ẹlẹ́ja gba tuntun. Wọ́n lu òǹtẹ̀ ìfagilé mọ́ èyí àtijọ́, wọ́n sì dá a padà fún un. Kò ka ọ̀rọ̀ náà sí títí di oṣù Kejì 2014, nígbà tí ìpè wá láti Houston pé ọmọ rẹ̀ tún lóyún, pé ìbejì ni, àti pé dókítà ti ní kò gbọdọ̀ dìde lórí ibùsùn mọ́. Ẹni tí yóò gbé ọmọ ọdún kan tó wà nílẹ̀ kò sí. Bí ó bá fẹ́ tún físà gbà, ó di kí ó tún owó san, kí ó tún dúró de ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ó sì tún bẹ Ọlọ́run kí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì má kọ̀.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò tó ń bá àwọn ènìyàn sáré ìwé. Ó wo ìwé méjèèjì, ó mi orí. Ó ní, “Ìyá, òkú ìwé lẹ fẹ́ gbé wọ ọkọ̀ òfurufú yìí? Wọn yóò dá yín padà láti pápákọ̀ ni.” Ó ní òun mọ bí wọ́n ti ń fi ooru tú físà kúrò lára ìwé àtijọ́, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun, tí ojú kankan kò ní mọ̀ ọ́n. 30,000 náírà ni yóò gbà. Ìyá Ẹlẹ́ja san ìdajì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ òkèèrè kì í ná ọjà pẹ́.

Orí ló yọ ọ́ pé ó ní kí ìwé náà sùn sílé di ọjọ́ kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dé láti ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ni ó ń ṣe. Nígbà tí ó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ wo kọntéénà tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Èdìdì wà lẹ́nu rẹ̀, nọ́ńbà èdìdì náà sì wà nínú ìwé ẹrù. Bí wọ́n bá tú èdìdì yẹn, tí wọ́n gbé e lọ sí ẹnu kọntéénà mìíràn, ṣé ẹrù yóò jáde? Olè ni wọn yóò pè wá. Ẹ wo físà yín, nọ́ńbà ìwé àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Bí ó bá fi lè kúrò níbẹ̀, ó kú nìyẹn.”

Ó ṣàlàyé ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí ọjọ́ físà kò bá tíì pé, tí kò ya, tí kò sì bàjẹ́, tó sì jẹ́ irú èyí tó bá ìrìn àjò náà mu, kí olówó rẹ̀ mú ìwé méjèèjì dání, èyí tó kú àti èyí tó wà láàyè. Kí méjèèjì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ irú kan náà. Kò gbọdọ̀ yọ físà. Bí ó bá yọ ọ́, kò wúlò mọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja gba ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Owó tó ti san kò padà wá.

Ọjọ́ ìrìn àjò, alẹ́ ni ọkọ̀ òfurufú yóò gbéra, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni wọ́n kúrò nílé, nítorí àwọn ọkọ̀ agbépo àti àwọn tírélà tó tò sójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì. Ní pápákọ̀ Múrítàlá Mùhámmẹ̀d, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ẹrù ṣí ìwé tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Màmá, físà yín dà?”

“Inú èyí ló wà, ọmọ mi.”

Ó gba èkejì, ó rí òǹtẹ̀. “Ìwé yìí ti kú, Mà. Nọ́ńbà wọn kò sì bára mu.”

“Ìwé ló kú. Wo ọjọ́ tó wà lára físà.”

Ẹ̀rù ọmọkùnrin náà kò ṣàì nídìí. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dé Amẹ́ríkà ni yóò san owó ìtanràn, òun náà ni yóò sì gbé e padà. Ó ní kí ìyá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Ẹlẹ́ja dúró níbẹ̀ fún bí wákàtí kan, ó ń wo àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń kọjá, kò sì jókòó. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin dé, ó gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi orúkọ wé orúkọ, ó fi ọjọ́ ìbí wé ọjọ́ ìbí, ó wo òpin ọjọ́ físà. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó ní, “Jẹ́ kí Màmá kọjá.”

Ní Houston, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò kò tilẹ̀ béèrè ohun púpọ̀. Ó wo físà nínú ìwé àtijọ́, ó lu òǹtẹ̀ ìwọlé sínú tuntun, ó sì fi báírò kọ lẹ́tà márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: VIOPP. Ìyá náà rò pé ẹ̀sùn ni. Ọmọ rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún un lórí ibùsùn pé ohun tí wọ́n kọ ni pé inú ìwé ìrìnnà mìíràn ni físà wà. Lẹ́tà márùn-ún péré ni gbogbo ohun tí ọkùnrin oníooru ìjọ́sí ì bá fi bà á jẹ́.

Ó gba àwọn ìbejì náà sọ́wọ́ ní oṣù Kẹta.

Ohun púpọ̀ ti yí padà láti ìgbà náà. Ní 2019, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní ìwé ìrìnnà ọlọ́dún mẹ́wàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà ti ń kúrò lójú ewé lọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá sì gba ìwé tuntun gbọ́dọ̀ lọ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ wọn. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ jù lọ físà àbẹ̀wò tí wọn yóò máa fún ọmọ Nàìjíríà yóò jẹ́ ti oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ti gba tiwọn ṣáájú kò pàdánù rẹ̀. Irú físà bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ láyé tó láti sin ìwé tó gbé e.

Síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò ṣì ń gbé ìwé wọn wá fún Ìyá Ẹlẹ́ja kí wọ́n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún wọn: “Ẹ má gé e. Ẹ fi rọ́bà di méjèèjì pọ̀.” Ìwé mẹ́ta ló wà nínú agolo rẹ̀ báyìí, méjì ti kú. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí omi ń wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀, agolo náà ni ó kọ́kọ́ ń gbé sókè.