Omi Tòrò, Ẹja Ń Wò Wá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí a jọ ń wá ìmọ̀ lókè Ọya níhìn-ín, mo kí yín o. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ rí nílé ìwé girama, olùkọ́ sì fún mi ní máàkì 7 nínú 10. Ṣùgbọ́n etí odò kan báyìí, níbi tí òtútù ti ń mú mi gbọ̀n, ni mo ti mọ ohun tí òwe náà ń wí. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́.

Ta ni nínú wa ni yóò gbàgbé ọdún 2022? Ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ni àwọn olùkọ́ fásitì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di oṣù mẹ́jọ. Àwọn kan nínú wa kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, àwọn kan gun ọ̀kadà, ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ gbéyàwó kí a tó wọlé padà. Èmi padà sí Ẹ̀pẹ́ sọ́dọ̀ ìyá mi. Ní àkókò yìí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bímọ ní Amẹ́ríkà, ìyá mi sì ní láti lọ wẹ ọmọ. Wọn kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, èmi náà kò sì rí iṣẹ́ gidi kan ṣe, ni wọ́n bá ní kí n sin àwọn lọ. Lẹ́yìn wàhálà físà, tí n kò ní lè ròyìn rẹ̀ tán níhìn-ín, a gúnlẹ̀ sí ìlú Erie ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní oṣù Ọ̀wẹwẹ.

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi kò dùn láti rí ẹ̀gbọ́n mi.

Apẹja ni bàbá wa. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi tọ́ wa. Àwọ̀n ni wọ́n ń dà, ìgèrè ni wọ́n ń dẹ, wọn kì í sì í fẹ́ ariwo nínú ọkọ̀ rárá. Bí èmi tàbí ẹ̀gbọ́n mi bá ń wa ọkọ̀ tí a kò ṣe é jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò sọ: “Má fi àjẹ̀ kan ọkọ̀.” Wọ́n ní etí ẹja mú ju etí olè lọ. Ní oṣù Bélú 2019 ni bàbá ṣaláìsí, ẹ̀gbọ́n mi tí í ṣe àrẹ̀mọ kò sì wá sílé wá sin wọ́n. Owó dé o, owó náà sì tó. A pa màlúù, a dá aṣọ. Ṣùgbọ́n èmi àbíkẹ́yìn ni mo dúró létí sàréè ní ipò àkọ́bí. Bí àwọn ará àdúgbò bá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?” n ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú mi yóò sì máa hó bí ọṣẹ. Láti ìgbà náà, “Ẹ kú iṣẹ́” àti “Ẹ ṣeun, mo ti rí owó náà” nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ó kù láàrin wa.

Ìlú Erie wà létí adágún ńlá kan tí òun náà ń jẹ́ Erie. Adágún náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò lè fi ojú rí òdìkejì rẹ̀, tí í ṣe ilẹ̀ Kánádà. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, ọ̀rọ̀ ẹja kan ni ó máa ń wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà níbẹ̀. Steelhead ni wọ́n ń pè é. Irú ẹja trout kan ni, ṣùgbọ́n èyí kì í jókòó sí odò kékeré tí ó ti ṣe kékeré. Yóò lọ dàgbà nínú omi ńlá, yóò sì padà wá sí odò kékeré náà láti yé ẹyin. Etí òkun Pàsífíìkì ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ènìyàn ni ó kó o wá sí àwọn adágún ńlá, títí di òní sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania ń da bíi mílíọ̀nù 1 ọmọ ẹja yìí sínú àwọn odò tí ó ṣàn lọ sí Erie lọ́dọọdún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé èyí fún mi lórí tábìlì oúnjẹ, mo ń wí nínú ara mi pé, “Ẹja lásánlàsàn mọ ọ̀nà ilé, ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Ọ̀wàrà, ìròyìn dé pé ìyanṣẹ́lódì ti dáwọ́ dúró. Inú mi dùn, àyà mi sì já, nítorí mo mọ̀ pé ìdánwò kò ní pẹ́ dé. Ìyá mi ní kí n máa múra ilé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi wò mí lójú, wọ́n ní, “Àbúrò, kí o tó lọ, jẹ́ kí a jọ lọ sódò lọ́la.” Mo fẹ́ kọ̀. Ìyá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ìwé àṣẹ àlejò sílẹ̀ fún mi, àti ìwé àṣẹ kejì tí ó jẹ́ ti Erie nìkan, nítorí bí ẹ kò bá ní méjèèjì, ẹ kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ kan omi.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi dé Elk Creek, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti kún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ènìyàn so iná mọ́rí, wọ́n tò sí etí ibú kan ṣoṣo bí ẹni tò sídìí omi ẹ̀rọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ní ọjọ́ tí omi kò yọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ nípa ọdún ẹja pípa Argungu mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní í bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, tìlù tìlù. Tibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ bí ibi ìdánwò.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìsàlẹ̀ odò náà kì í ṣe iyanrìn bí kò ṣe òkúta pẹlẹbẹ, òjò ni ó sì ń bọ́ ọ. Bí òjò bá rọ̀, odò á kún, á rú, ẹja á sì rọ́ wọlé láti inú adágún. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, láàrin ọjọ́ díẹ̀ péré omi á fà, á sì mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ẹja tí ó ti wọlé á há sínú àwọn ibú kéékèèké. Ẹ ó rò pé ìgbà náà ni pípa wọn rọrùn jù. Irọ́ ni! Bí ẹ ti ń rí wọn ni wọ́n ń rí yín. Wọ́n ń rí òjìji yín, wọ́n ń rí okùn yín, ìró bàtà yín lórí òkúta sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Òjò kò sì tíì rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan.

Bí ojúmọ́ ti mọ́, mo yọjú wo inú ibú. Ẹja tò síbẹ̀ bí igi ìdáná, wọ́n kọjú sí òkè odò. Orí mi wú. Mo fi òjé mẹ́ta sí okùn mi kí ó lè lọ jìnnà, mo fẹsẹ̀ wọ́ omi lọ síwájú, mo sì ju ìwọ̀ sí àárín wọn. Ó ró gbì! Ẹja fọ́n ká bí ẹyẹ. Kí ẹ sì wo aṣọ tí mo wọ̀: aṣọ funfun ẹgbẹ́ wa, tí a kọ Ọmọ Odùduwà sí láyà gàdàgbà. Bàbá arúgbó òyìnbó kan tí ó dúró lápá òsì mi kò sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó mi orí, ó ká okùn rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èébú ì bá dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí?

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ sí mi létí, wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Má fi àjẹ̀ kan ọkọ̀.”

Ara mi bù máṣọ. Ohùn bàbá wa ni mo gbọ́. N kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rántí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ó kù sí lọ́wọ́.

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù ilẹ̀kẹ́ ọrùn wọn, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, wọ́n fi bò mí. A fi ibú yẹn sílẹ̀ fún èrò. Àwọn kan níbẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí ẹja jẹ ìdẹ mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń fa ìwọ̀ já gbà kí ó lè gbá ẹja lára. Òfin ibẹ̀ kọ èyí. A rìn títí a fi dé ibi tí omi ti ń já lu òkúta, tí ojú rẹ̀ ń hó. Kò jìn, ẹnikẹ́ni kò sì dúró síbẹ̀ nítorí pé wọn kò rí ẹja níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ohun tí àwa kò rí, òun náà kò rí wa. Ẹja tí èrò lé ní ibú, abẹ́ ìhó omi ló ń sá sí.” Wọ́n gé okùn mi nípọn kúrò, wọ́n so tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, èyí tí agbára rẹ̀ kò ju pọ́ọ̀nù 4 lọ. Wọ́n fi òjé kan ṣoṣo sí i, kékeré bí ọkà bàbà. Ìdẹ náà kò ju òwú pupa rẹ́súrẹ́sú kan lọ, ìwọ̀n ẹyin ẹja ẹyọ kan. Wọ́n ní kí n gba ìsàlẹ̀ odò wá, nítorí ẹ̀yìn ni ẹja kì í rí. Kí n fi orúnkún kúnlẹ̀, kí n sì jìnnà sí etí omi.

Ní ìgbà bíi ogún tí mo ju ìwọ̀, ẹja kan gbé e. Ayọ̀ pa mí! Mo fa ọ̀pá náà bí ẹni fa ewúrẹ́ olè. Pàù! Okùn já.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí òkúta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ìwọ̀ mìíràn. Wọ́n ní, “Okùn yìí kò gba agbára. Bí ó bá fẹ́ sáré, jẹ́ kí ó sáré. Ìwọ sáà má jẹ́ kí okùn dẹ̀.”

N kò mọ ohun tí ó ṣí mi lẹ́nu. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ kan jọ sínú bí ẹni tò òkò, mo sì ti pinnu pé ọjọ́ tí n ó bá sọ ọ́, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ bàbá wa ni mo fi bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ kò wá sin Bàbá?”

Ọwọ́ wọn dúró lórí okùn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn.

“Ìwé mi kò tíì pé nígbà náà. Bí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. Màmá mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ.”

“Kí ló dé?”

“O ń fi mí yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ojú ń tì mí.” Wọ́n tún so okùn díẹ̀. “Ọjọ́ tí ẹ sin wọ́n, ibí yìí ni mo wà. Mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò ju ìwọ̀ kankan.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò ní sọ fún yín pé ìbínú mi tán lójú kan náà. Mo rò nígbà náà, mo ṣì rò ó títí di òní, pé ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bínú, n kò bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí, ẹja mìíràn gbé ìdẹ mi. Ó sáré, mo jẹ́ kí ó sáré. Ó fò sókè, mo tẹ ọ̀pá sílẹ̀. Ó gba ìsàlẹ̀ odò lọ sí àárín èrò, mo tẹ̀lé e, ọkàn mi sì ń sọ pé wọn yóò bú mi. Rárá o! Wọ́n ká okùn wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n yà fún mi. Ẹni tí ó wá fi àwọ̀n kékeré gbé ẹja náà fún mi ni bàbá arúgbó òwúrọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, ó ń dán bí fàdákà, ilà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Òfin gba ẹja 3 fún ẹnì kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í mú ìkankan lọ sílé. Wọ́n máa ń dá a padà sómi ni. Mo ní bí Màmá bá gbọ́ pé ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ méjì mú ẹja, wọ́n sì dá a padà sómi, wọn yóò ní ayé ti ń ṣe wá. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. A mú un lọ sílé.

Ìyá mi fi ata sè é dáadáa. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, “Kò burú, ṣùgbọ́n kò tó òbòkún.” Orí ẹja, tí bàbá wa máa ń jẹ, ni wọ́n gbé sínú àwo ẹ̀gbọ́n mi, bí ó ti tọ́ sí àrẹ̀mọ. Ẹ̀gbọ́n mi là á sí méjì, wọ́n sì gbé ìdajì sínú àwo mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni mo padà wá bá ìdánwò àti ìwé kíkà. Ẹ̀gbọ́n mi wá sílé ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, àwa méjèèjì ni a sì jọ lọ sí ojú oórì Bàbá.

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà, a kò pọ̀ níhìn-ín, omi wa fà, ó sì mọ́. Ohun tí a bá ṣe, gbogbo ayé ń rí i. Síbẹ̀ ẹ rántí ariwo tí a máa ń pa ní ìpàdé ẹgbẹ́, tí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ kékeré á di ìjà, tí ẹni tí a fẹ́ kí ó fún wa lésì á sì fọ́n ká bí ẹja Elk Creek. Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tí ẹ ń bá yodì, ẹ bi í léèrè kí ìwọ́de ọdún tó kọjá lórí rẹ̀. Ẹ bi í jẹ́jẹ́. Ẹ má fi àjẹ̀ kan ọkọ̀.

Ire o.