Káàdì Àtúntẹ̀ Tó Gba Máàkì Mẹ́wàá

Ẹ wo káàdì náà nínú ike rẹ̀. Ike ọ̀hún le, ó mọ́ gaara, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi kó fọ́ ọ. Lókè rẹ̀ ni pépà funfun kan wà tí ìlà pupa yí ká, tó ń jẹ́ ká mọ ẹni tó wà nínú ilé: Topps, 1983, àtúntẹ̀ ti 1952, Mickey Mantle, nọ́ńbà 311. Máàkì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: 10. Lábẹ́ pépà yìí ni Mantle dúró sí, ọ̀dọ́mọkùnrin agbábésíbọ́ọ̀lù tó dé fìlà New York Yankees, tó gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè lé èjìká, tó gbójú sókè. Búlúù ni ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nísàlẹ̀, nínú àpótí funfun tí ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká, ni orúkọ rẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wà.

Ti 1952 ni ayé ń pariwo. Ẹyọ kan tí SGC, ilé-iṣẹ́ kan tí ń fún káàdì ní máàkì, fún ní 9.5 pa 12.6 mílíọ̀nù dọ́là lọ́jà gbàǹjo ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ìpín tó kẹ́yìn lára àwọn káàdì ọdún 1952 ni Mantle bọ́ sí. Ìgbà tí káàdì náà fi dé ìsọ̀, eré bésíbọ́ọ̀lù ti ń kógbá wọlé, ojú àwọn ọmọdé sì ti kúrò níbẹ̀. Èyí tí kò tà jókòó sínú ilé ìkẹ́rùsí títí di 1960, nígbà tí Sy Berger, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé káàdì náà kalẹ̀, ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ dà sí òkun Àtìláńtíìkì. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀. Bí mo bá rántí àwọn páálí wọ̀nyẹn nísàlẹ̀ òkun, ó máa ń dùn mí.

Ní 1983, Topps, ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwọn káàdì 1952 wọ̀nyẹn, tún wọn tẹ̀. Nínú káàdì 407, 402 ni wọ́n rí tẹ̀, nítorí kò sí àdéhùn pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù márùn-ún. Wọn kò fi ohunkóhun pamọ́: ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ gbangba pé àtúntẹ̀ ni òun.

Ẹni tí ń fún káàdì ní máàkì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ kedere, pẹ̀lú awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá. Kó tó yẹ ara káàdì wò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́. Lábẹ́ awò yẹn, àwòrán tí ojú lásán rí bí ẹran ara kan ṣoṣo á tú ká di tótòtó aláwọ̀ lóríṣiríṣi, bí ata gígún tí wọ́n wọ́n sórí àwo funfun. Lára ojúlówó, ìlà dúdú tó yí àpótí orúkọ ká dúdú kirikiri, kò ní tótòtó nínú. Àmọ́ lára ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀, fọ́tò káàdì àtijọ́ ni wọ́n yà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà tótòtó á wọ inú ìlà àti lẹ́tà pàápàá, etí wọn á sì rí họ́ọ̀họ́ọ̀. Iná aláwọ̀ àlùkò tún wà: pépà àtijọ́ sábà máa ń ṣú lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pépà ìgbà tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ti fi oògùn ìfọ̀funfun sí, á tàn yòò.

Ìgbà náà ló tó kan ara káàdì: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí, ojú, àti bí àwòrán ṣe jókòó sáàárín. Igun tó bá ṣẹ́, kódà tó kàn rọ̀ díẹ̀, máàkì á já. Àlàfo funfun ọ̀tún àti òsì lójú káàdì kò gbọdọ̀ ju bí 55 sí 45 lọ kó tó lè gba 10 lọ́wọ́ PSA, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń fún káàdì ní máàkì. Ilé-iṣẹ́ yìí kò sì ní ìdajì kankan láàárín 9 àti 10, bẹ́ẹ̀ iye owó tó wà láàárín méjèèjì pọ̀ gan-an.

Àwọn kan ń bínú pé kí ni wọ́n ń fún àtúntẹ̀ ní máàkì sí. Èmi kò bá wọn bínú. Káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì ni ti agbábésíbọ́ọ̀lù Honus Wagner, èyí tí àwọn oníṣìgá tẹ̀ láàárín 1909 sí 1911, tí Wayne Gretzky, eléré hókì, àti Bruce McNall, ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀, rà ní 451,000 dọ́là ní 1991. Wọ́n fún un ní 8. Ní 2013, Bill Mastro, tó ti ni ín tẹ́lẹ̀, jẹ́wọ́ ní kóòtù ní Chicago pé òun gé etí rẹ̀. Ojúlówó ni Wagner yẹn, àmọ́ etí rẹ̀ ń parọ́. Mantle 1983 jẹ́ àtúntẹ̀, kò sì sí ibi kankan lára rẹ̀ tó ti parọ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ bà jẹ́ nínú méjèèjì ni mo kà sí.

Àwọn tó fẹ́ kí àtúntẹ̀ náà parọ́ kò ṣàì wà. Wọ́n á ha ọ̀rọ̀ àtúntẹ̀ kúrò lẹ́yìn káàdì, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú tíì kó lè pọ́n, wọ́n á sì fi ọwọ́ pa igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mantle ti 1952 fẹ̀ tó ínǹṣì 2⅝, ó gùn ní 3¾. Ti 1983 kò ju 2½ lọ ní fífẹ̀ àti 3½ ní gígùn. Rúlà lásán ló ń tú u fó, káàdì náà á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ láìní máàkì kankan.