Iná Jẹ́jẹ́ àti Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀

Àwọn baba wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni gbogbo wa ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́, mélòó nínú wa ni ó ń tẹ̀ lé e? Ó ti rẹ̀ wá, ebi sì ń pa wá, a ó wá ko iná ńlá sábẹ́ ìkòkò bí ẹni pé ọ̀tá wa ni ẹran tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì gbé e sẹ́nu tán, a ó máa fà á bí ẹni ń fa awọ bàtà.

Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni mí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, mọ̀ pé Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń jẹ́ Ọ̀yọ́ Ilé. Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ ogun ni a fi mọ ìran Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọmọ Ìkòyí jókòó, ó ń yin iná jẹ́jẹ́, lè rẹ́rìn-ín. Kí ó máa rín in lọ. Jagunjagun pàápàá, bí ó bá ti ogun dé, oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ní ilé wa, agogo méje alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ máa ń lù kí ìyá mi tó ti ọjà dé. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná nígbà náà, bàbá mi, tí wọ́n ti wà lóko láti àárọ̀, yóò ti sùn lọ lórí àga kí ọbẹ̀ tó jinná. Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi nílé, mo ní kí n gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn òbí mi méjèèjì fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ń bá wa gbé, àwọn ni wọ́n sì mọ iná dá ju gbogbo wa lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀wà wọn ní agbo ilé wa. Ní òwúrọ̀ ni wọ́n á gbé e ka ògúnná tí wọ́n fi eérú bò, wọn a sì bá tiwọn lọ. Kí wọ́n tó padà dé, ẹ̀wà a ti dẹ̀ múkẹ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ mi ní iná tí n ó fi se ohun tí ẹ̀sìn wọn kọ̀? Ó jọ ìwọ̀sí lójú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Nígbà tí mo wá là á sọ tán, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Àkànní, ẹnu mi ni kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í ṣe pé n kò mọ iná. Lọ gbé àdògán tìrẹ wá, kí ìkòkò rẹ sì jìnnà sí tèmi.”

Wọ́n to èédú ńláńlá sísàlẹ̀, wọ́n to kéékèèké lé e. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan kà á títí èédú yóò fi funfun lójú. Nígbà náà ni kí n wá bu eérú díẹ̀ bò ó, kí iná lè máa mí, kí ó má sì lè sáré. Wọn kò fọwọ́ kan ìkòkò mi, wọn kò sì dúró títí mo fi gbé ẹran jáde.

Báyìí ni mo ṣe ń sè é. Ẹran apá tí egungun wà nínú rẹ̀ ni mo ń rà, kílò kan, tí a gé nípọn tó ìka méjì. Ẹran ẹ̀yìn náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tètè ń gbẹ, nítorí náà kò yẹ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iná. N ó fi iyọ̀, atalẹ̀ àti táìmù pa á lára, n ó sì fi òróró díẹ̀ dín in kí ojú rẹ̀ pọ́n, nítorí pé iná jẹ́jẹ́ kò lè bá wa ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àlùbọ́sà ńlá méjì tí a rẹ́, ata rodo mẹ́ta, àti ife omi kékeré kan. Omi kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹran fúnra rẹ̀ yóò tú omi. N ó dé e pinpin. Bí mo bá gbé e kaná ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, tí ó bá fi máa di agogo mẹ́fà ààbọ̀, egungun yóò máa yọ fúnra rẹ̀. Ó ku kí n ro àmàlà.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Ní èdè wa, ẹran lè jinná kí ó má tíì dẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Jíjinná ni ààbò wa, torí pé aràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Taenia solium lè wà nínú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná. Láti 2011, ohun tí àwọn aláṣẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń sọ ni pé kí inú gígé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó jẹ ẹ́. Dídẹ̀ ní tirẹ̀, sùúrù ni. Àwọn iṣan líle tí ó so ẹran pọ̀ kì í yọ́ àfi bí ooru bá pẹ́ lára wọn. Nítorí náà, iná jẹ́jẹ́ kì í ṣe iná tí ó ti kú. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa hó díẹ̀díẹ̀ létí ìkòkò. Bí ó bá dákẹ́, kí a fi èédú kún un kíá, torí pé ẹran tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, bíbàjẹ́ ni ó ń bàjẹ́.

Ní òkè òkun, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe èyí. Ìkòkò amọ̀ ni, tí ooru iná mànàmáná yí ká, tí ó lè máa se ẹran fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Irving Naxon, ọmọ Júù kan ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní 1940. Ilé iṣẹ́ Rival ni ó wá gbé e jáde ní 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot. Ìyá Naxon ni ó sọ fún un bí ìyá tirẹ̀ ní Lithuania ṣe máa ń fi ìkòkò ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní cholent ránṣẹ́ sí ilé oníbúrẹ́dì kí Ọjọ́ Ìsinmi wọn tó wọlé, kí ooru ààrò tí ń kú lọ lè sè é di ọjọ́ kejì. Òfin wọn kò gbà wọ́n láyè láti dáná lọ́jọ́ náà.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Júù tí ó ń pa òfin mọ́ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìkòkò tí ọgbọ́n rẹ̀ ti ilé Júù wá ni àìmọye ènìyàn ti ń se ẹlẹ́dẹ̀ jẹ lónìí. Àbúrò bàbá mi kò gbọ́ orúkọ Naxon rí, síbẹ̀ irú oore kan náà ni wọ́n ṣe fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé ẹ̀sìn méjì kò lè gbé inú ilé ìdáná kan, n kò ní bá a jiyàn. N ó kàn sọ fún un pé ìkòkò méjì ni ó wà nílé wa, ọ̀bẹ méjì ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni a ti kọ́ iná dídá. Ìyá mi sì ti ń jẹun kí agogo mẹ́jọ tó lù, tí bàbá mi jókòó tì wọ́n, tí ojú wọn là kedere.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ, ẹ fi ẹ̀rọ sè é. Bí iná mànàmáná bá lọ lágbedeméjì, èédú wà lọ́jà. Ìta gbangba nìkan ni kí ẹ ti dá a o, nítorí pé atẹ́gùn búburú tí ń ti ara èédú jáde, tí a kì í fojú rí, a máa pani nínú yàrá tí a tì pa.