Ẹ ka orúkọ tí linker bá dá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ C, ẹ gbọ́ o. Tí gcc bá ní "undefined reference to `ropo'", ẹ má wulẹ̀ padà lọ máa wá àmì ; tó sọnù. Compiler ti ka iṣẹ́ yín, ó ti gbà á wọlé. Linker ló ń wá ropo tí kò rí i. Ìlérí lásán ni fáìlì .h ṣe pé ropo wà níbì kan; inú ropo.c ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹ ò sì dárúkọ rẹ̀ fún gcc. Ẹ kọ ọ́ báyìí: gcc main.c ropo.c -o eto. Ó tán.

Tó bá jẹ́ sqrt ni kò rí, ẹ fi -lm kún un, ìparí ni kẹ́ ẹ sì fi sí, torí láti òsì sí ọ̀tún ni linker ń kà.

"Multiple definition" ní tiẹ̀, ọba méjì kì í jẹ láàfin kan. Ẹ kọ int iye = 0; sínú .h, fáìlì .c méjì pè é wọlé, kálukú sì ní iye tirẹ̀. #ifndef ò lè gbà yín níbẹ̀, nítorí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni compiler ń ka fáìlì .c kọ̀ọ̀kan. extern int iye; ni kẹ́ ẹ fi sínú .h, kí int iye = 0; wà nínú .c kan ṣoṣo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi #include pe .c wọlé. Ẹ ka orúkọ tí linker dá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Ibẹ̀ gan-an ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.