‘Ń’ Tiwa àti ‘ing’ ti Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Òbí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí lè kọ́kọ́ dà bí iṣẹ́ kíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni.

Nínú ilé tiwa, èdè mẹ́ta ló ń lọ lójoojúmọ́. Àwa òbí ń sọ Yorùbá, àwọn ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn, wọ́n sì ń fi Hausa bá ọ̀rẹ́ wọn ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Ó dá wa lójú pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú yín. Ohun kan sì wọ́pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìyá á ní, “I am having two boys.” Ọmọ ọdún 8 á bú sẹ́rìn-ín, á ní, “Mummy, it is I have.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín yìí bá ti di ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, ìyá kò ní fẹ́ lanu mọ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Yóò tún dín Yorùbá tí ó ń bá ọmọ sọ kù, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé Yorùbá ló ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti sọ pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì á fi “am”, “is” tàbí “are” síwájú, á sì fi “ing” parí ọ̀rọ̀ ìṣe: “She is cooking.” Tiwa kò gùn tó bẹ́ẹ̀. “Ń” kan ṣoṣo ni: “Ó ń dáná.” Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ní òfin. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé lórí gírámà èdè wa jáde láti ọdún 1852, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1966. Èdè wa kì í ṣe ohun tí à ń sọ bó ṣe wù wá.

Ta ló gbọ́ ọ rí kí Yorùbá sọ pé “Mò ń ní ọmọ méjì”? “Mo ní ọmọ méjì” ni. A kì í sọ pé “Mò ń mọ̀ ọ́n”. “Mo mọ̀ ọ́n” ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Mo fẹ́ omi” àti “Mo gbàgbọ́.” Kò sí “ń” níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì fi “ing” síbẹ̀: “I have, I know, I want, I believe.” A jẹ́ pé Yorùbá kọ́ ló kọ́ ìyá yẹn ní “I am having.” Bí ó bá tẹ́tí sí Yorùbá ẹnu ara rẹ̀, ọ̀nà tó tọ́ ni yóò fi hàn án. Hausa ní ètò tirẹ̀: “ina” tí wọ́n fi ń sọ “ina zuwa”, ìyẹn mò ń bọ̀, náà ni wọ́n fi ń sọ “ina so”, ìyẹn mo fẹ́. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí pé èdè wa ni kí a bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ibi méjì wà tí “ń” ti lè ṣì wá lọ́nà. Èkíní ni gbọ́ àti rí. Lórí fóònù, à ń sọ pé “Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?” Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ pé “Are you hearing me?”, “Can you hear me?” ni. Èkejì ni ohun tí ènìyàn máa ń ṣe. “Ó ń ta aṣọ” lè jẹ́ pé ó ń tà á báyìí, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: “She is selling cloth” àti “She sells cloth.”

Èyí kì í ṣe eré ní ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá sọ fún dókítà pé “He is vomiting”, ohun tí yóò gbọ́ ni pé èébì náà ń lọ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé àràárọ̀ ni ọmọ máa ń bì, “He vomits every morning” ni ẹ ó sọ. Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ yìí: “Ó ń bì lọ́wọ́” yàtọ̀ sí “Ó máa ń bì.” Ibi tí “lọ́wọ́” bá ti bá a mu, ẹ lo “ing”. Ibi tí “máa ń” bá ti bá a mu, ẹ fi “ing” sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan àwa tí a kúrò nílé. “Mò ń gbé Kàdúná.” Bí a bá sọ ọ́ ní “I live in Kaduna”, ibẹ̀ ni ibùgbé wa. Bí a bá ní “I am living in Kaduna”, ó dà bí ẹni pé fún ìgbà díẹ̀ ni. “Ń” kò béèrè èyí lọ́wọ́ wa. Àwa náà ti lé ní ọdún 30 níhìn-ín, ilé wa wà ní Ọ̀fà, àwọn ọmọ wa wà ní Kàdúná, “mò ń gbé” sì gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ń sọ “I live” láìṣiyèméjì, wọn kò sì ṣì í sọ. Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí wọ́n lè sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá wọn nígbà tó bá ní òun ń gbé ibì kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pa ẹnu mọ́. Bí ọmọ bá tún Gẹ̀ẹ́sì yín ṣe, kí ó ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ̀yin náà tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Ní alẹ́, ẹ bi í pé, “Kí ni ò ń ṣe lọ́wọ́? Kí ni o máa ń ṣe tí o bá dé láti ilé ìwé?” Kí ó fi Yorùbá dáhùn, kí ó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú 10 tó fún un, kò sì ná wa lówó.

Èdè wa kò ní parẹ́ mọ́ wa lẹ́nu.