Nígbà Tí Ìdílé Ń Gbé Lókè Ilé Ìkàwé

Ní 1901, Andrew Carnegie, tí òwò irin sọ di olówó ńlá, yọ̀ǹda mílíọ̀nù 5.2 dọ́là kí wọ́n fi kọ́ ilé ìkàwé káàkiri àdúgbò ní New York. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n kọ́ sí Washington Heights, lápá òkè Manhattan, ní 1914. Èédú ló ń mú ilé wọ̀nyẹn móoru, iná ààrò kò sì mọ ọjọ́ ìsinmi. Ẹnì kan ní láti máa fi ṣọ́bìrì kó èédú sí i tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ibùgbé sí àjà òkè pátápátá, tí olùtọ́jú ilé fi ń gbé ibẹ̀ tìyàwó tọmọ.

A kì í gbé etí odò ká fi itọ́ ṣanwọ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1940 ń parí lọ, ọmọ olùtọ́jú kan ń dàgbà ní àjà kẹta, lókè ilé ìkàwé Washington Heights yẹn. Bí ìbéèrè bá sọ sí i lọ́kàn lóru, kò ní í dúró kí ilẹ̀ mọ́. Á sọ̀ kalẹ̀, á tanná, á wá ìwé tó lè dá a lóhùn, á sì jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé àkókò ti tó. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́ ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Èédú kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ìdílé náà sì kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilé ìkàwé Fort Washington tí kò jìnnà síbẹ̀, ibùgbé òkè wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ̀dà ń bó lára ògiri. Ṣùgbọ́n ní 2016, àtúnṣe kan àjà kẹta ti Washington Heights. Wọ́n sọ ọ́ di ààyè àwọn ọ̀dọ́ àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn sí i gan-an: ohun tó jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo ti di ti ọmọ gbogbo àdúgbò.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọmọ ọjọ́un ní tí kò sí nínú àtúnṣe náà: àkókò. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba ìlú gé owó ilé ìkàwé, àwọn ẹ̀ka tó ń ṣí lọ́jọ́ Àìkú sì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ará ìlú pariwo ni owó náà tó padà ní 2024. 

Ilé tó rẹwà dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé wọn há, tí kò níbi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti kàwé, kò lè jẹ ọ̀dà tuntun. Kí àwọn tó ń náwó sí ògiri náwó sí wákàtí pẹ̀lú: kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí lálẹ́ àti lọ́jọ́ Àìkú, kí òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀ tó máa dá ọmọ lóhùn.